Bí Ẹ̀kọ́ Tí A Gbà Bá Yàtọ̀ sí Èyí Tí A Bèèrè



Ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò lónìí kan àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn sínú ìwé JAMB, ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ jáde, Biochemistry, Microbiology tàbí Anatomy ni wọ́n rí gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò kúrò nídìí ìṣègùn. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó wà ní ọdún kejì, bi mí léèrè pé: "Fadá, ṣé kí n yí padà ni, àbí kí n parí èyí tí mo ń ṣe? Dókítà ni màmá mi ń pè mí láti kékeré." Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré. Ọdún ayé ọmọ wà nínú rẹ̀, owó òbí wà nínú rẹ̀, ìrètí ìdílé sì wà nínú rẹ̀.

Jésù Olúwa wa kọ́ wa pé ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣírò. Ọdún mẹ́fà ni a fi ń kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ wa, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún kan tí dókítà tuntun fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà ní ilé ìwòsàn, kí ó tó kan NYSC. Ẹni tí ó bá yí padà ní ìparí ọdún kejì, tí wọ́n sì gbà á sí ìpele 200, yóò lo ọdún méje lápapọ̀. Ẹni tí ó bá parí B.Sc. ọlọ́dún mẹ́rin, tí ó wá gba ọ̀nà Direct Entry wọlé sí ìpele 200, yóò lo ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún méjì ni ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹni kejì yóò ti ní ìwé ẹ̀rí kan lọ́wọ́.

Ilẹ̀kùn náà kò sì fẹ̀. Ìgbìmọ̀ MDCN, tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ àwọn dókítà, ni ó ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà sí ìṣègùn. Máàkì tí ó ga gan-an ni wọ́n sì ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ yí padà. Bí wọ́n bá gbà á, kí ó rí i pé JAMB ṣe àtúnṣe sí ìwé ìgbàwọlé rẹ̀, kí wàhálà má baà dé nígbà NYSC. Bákan náà, kí ẹni tí ó ń ka Microbiology má ṣe rò pé B.Sc. náà nìkan yóò sọ òun di onímọ̀ àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún tirẹ̀ ni Medical Laboratory Science ní, ìgbìmọ̀ MLSCN sì ni ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ.

Lẹ́yìn ìṣirò ni kí a wá bi ọkàn wa léèrè: kí ni mo ń wá nínú ìṣègùn? Bí ó bá jẹ́ orúkọ Dókítà ni, orúkọ kì í gbé ènìyàn dúró ní òru iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìwòsàn ọmọ ènìyàn ni, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ rántí oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni ó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà jáde, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní yàrá àyẹ̀wò ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni lóòótọ́, lára wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Happi, kì í ṣe dókítà tí ń tọ́jú aláìsàn. Ènìyàn mẹ́jọ péré ni a pàdánù kí àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ṣaláìsí, ta ni ó mọ iye tí ìbá kú? Ìwé Sírákì pẹ̀lú, ní orí 38, bu ọlá fún oníṣègùn, kò sì gbàgbé ẹni tí ń po oògùn.

Ignatius Mímọ́ ti Loyola kọ́ wa pé kí a má ṣe yí ìpinnu padà nígbà tí ọkàn bá wà nínú òkùnkùn. Nítorí náà, má ṣe kọ ìwé ìyípadà ní ọjọ́ tí o fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tàbí ní ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ wọ aṣọ funfun níwájú rẹ. Dúró títí ọkàn rẹ yóò fi rọlẹ̀. Lọ bá dókítà kan àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, kí o wo iṣẹ́ wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́, ibi tí ó ti dùn àti ibi tí ó ti korò.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi oyè tí ẹ̀yin kò rí gbà di ẹrù lé ọmọ lórí. Ọmọ tí ó wọ ìṣègùn nítorí ìbẹ̀rù ìyá rẹ̀ lè dé ìdánwò ńlá àkọ́kọ́ kí ó ṣubú, kí wọ́n sì dá a padà sí Anatomy tí ìbá fi ayọ̀ yàn fúnra rẹ̀.

Èyí sì ni èsì mi fún ọmọ náà. Bí máàkì rẹ bá ga, tí ìfẹ́ aláìsàn sì ń jó nínú rẹ nígbà ayọ̀ àti nígbà ìbànújẹ́, bèèrè ní ọdún yìí gan-an, má ṣe fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe jáwọ́ nínú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o ń retí èsì. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, parí Biochemistry rẹ dáadáa. Direct Entry ṣì wà níwájú, yàrá ìwádìí sì wà níwájú pẹ̀lú. Ọlọ́run kò so ìpè rẹ mọ́ ìwé JAMB.

Kí Lúùkù Mímọ́, oníṣègùn àti ajíhìnrere, bá wa bẹ̀bẹ̀. Kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún yín, ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.