Ẹni tí Ó Fẹ́ kí Ẹ̀rọ Ran Ọgbọ́n Ènìyàn Lọ́wọ́

Inú ilé ìkàwé kan ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ilé ìkàwé ńlá tí a fi òkúta kọ́. Ahéré kan ni, tí ó dúró lórí òpó ní erékùṣù Leyte ní ilẹ̀ Philippines. Koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ọparun ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, àkàsọ̀ kékeré ni ènìyàn sì ń gùn wọ inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ni ó kó ìwé síbẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1945, ọ̀dọ́mọkùnrin ológun ojú omi kan gun àkàsọ̀ náà, ó jókòó, ó sì ń ṣí ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Ọmọ ogún ọdún ni. Douglas Engelbart ni orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ nínú ogun ni títọ́jú ẹ̀rọ rédà, èyí tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú tí ó ṣì wà lókèèrè hàn bí àmì ìmọ́lẹ̀ lójú gíláàsì. Ṣùgbọ́n ogun ti parí kí ó tó débẹ̀. Bí ọkọ̀ tí ó gbé e ti ń kúrò ní èbúté San Francisco ni ìròyìn dé pé Japan ti túúbá, tí àwọn ọmọ ogun sì ń kígbe pé kí wọ́n dá àwọn padà sílé. Ọkọ̀ kò yí padà, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Engelbart rí kà nínú ahéré náà ni àròkọ Vannevar Bush, ọ̀gá tí ó ṣe kòkáárí iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà ogun. Bush sọ pé ìmọ̀ tí ọmọ aráyé ń kọ sílẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà tán lọ. Ohun tí ènìyàn ń wá lè ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó má sì rí i. Ó wá fi ojú inú wo tábìlì kan tí ènìyàn lè kó gbogbo ìwé àti lẹ́tà rẹ̀ pamọ́ sí ní àwòrán fíìmù tín-tìn-tín, kí ó sì so ọ̀rọ̀ inú ìwé kan mọ́ èyí tí ó bá a tan nínú ìwé mìíràn, bí ọdẹ ti ń ṣe àmì sí ara igi kí ó lè mọ ọ̀nà padà. Kò sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ níbìkankan. Engelbart kà á tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1925. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó ti ogun dé, ó parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní ọdún 1948, ó sì rí iṣẹ́ tí ó dára ní ilé ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú ti ìjọba ní California. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1950, òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe àdéhùn ìgbéyàwó. Kété lẹ́yìn èyí, bí ó ti ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ kan, ìbéèrè kan sọ sí i lọ́kàn: ó ti kàwé, ó ti ríṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìyàwó, kí ni ó tún kù tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń bi ara wọn, tí wọn yóò sì gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Engelbart kò gbàgbé. Fún oṣù mélòó kan ni ó ń wá iṣẹ́ tí yóò ṣe gbogbo ayé láǹfààní. Ó ronú kan àwọn tí ń gbógun ti àìsàn ibà ní ilẹ̀ olóoru. Ó sì rántí ohun tí ó ti kà, pé nígbà tí ibà kásẹ̀ nílẹ̀ ní àgbègbè kan, àwọn ènìyàn ibẹ̀ pọ̀ sí i kánkán, ilẹ̀ oko ṣá, ọ̀gbàrá wọ́ ọ lọ, ebi sì wọlé. Ohun tí ó rí dì mú ni pé ìṣòro ayé ń díjú sí i, ó sì ń yára ju òye tí àwọn ènìyàn fi ń yanjú rẹ̀ lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òye náà gan-an ni kí a kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Ìgbà yìí ni gíláàsì rédà àti àròkọ inú ahéré padà wá sí ọkàn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá lè fi ọkọ̀ òfuurufú hàn lójú gíláàsì, ó lè fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán hàn níbẹ̀, kí ènìyàn sì jókòó níwájú rẹ̀ kí ó máa fi í ronú.

Kọ̀ǹpútà tí ó wà nígbà náà kò tó nǹkan, ìṣirò ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Engelbart lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Yunifásítì Berkeley, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1955. Ẹnìkan níbẹ̀ kìlọ̀ fún un pé bí ó bá ń bá irú ọ̀rọ̀ yìí kiri, kò ní kúrò ní ipò olùkọ́ kékeré láéláé. Ní 1957 ó wọ iṣẹ́ ní Stanford Research Institute ní ìlú Menlo Park, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún un títí wọ́n fi fún un láyè láti kọ èrò ara rẹ̀ sílẹ̀.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1962 ni ìwé náà jáde. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ ni pé ọpọlọ kò dá ronú rí. Èdè tí a ń sọ, ìṣirò tí a kọ́, irinṣẹ́ tí a dì mú àti ọ̀nà tí a ń gbà lò ó, gbogbo wọn ni ó ń bá ọpọlọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì. Ìyá oníṣòwò tí kò mọ̀wé, tí ó ń fi èédú fa ìlà sí ara ògiri kí ó má baà gbàgbé gbèsè, ti fi ògiri kún ọpọlọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kun ògiri náà ní ọ̀dà, ìdajì ọgbọ́n òwò rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Láti fi èyí hàn, Engelbart so pẹ́ńsù mọ́ bíríkì, ó sì ní kí àwọn ènìyàn fi í kọ̀wé. Ìwé náà fà, ó sì rí wúruwùru. Ó wá béèrè pé bí ó bá jẹ́ pé pẹ́ńsù tí ó wúwo tó bíríkì ni aráyé ní láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìwé mélòó ni wọn ì bá kọ, èrò mélòó ni wọn ì bá sì ní? Bí pẹ́ńsù búburú bá lè fa òye sẹ́yìn, ẹ̀rọ rere lè tì í síwájú.

Ẹ fi etí sí ìyàtọ̀ kan níhìn-ín. Ní àkókò kan náà, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ń wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa ronú fúnra rẹ̀. Engelbart fẹ́ kí ènìyàn ni ó máa ronú, kí ẹ̀rọ sì wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí títí di òní.

Ìjọba Amẹ́ríkà fún un lówó, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ jọ. Wọ́n ń wá ohun tí ènìyàn yóò fi máa nàka sí ọ̀rọ̀ lójú gíláàsì. Ní 1964, Bill English gbẹ́ igi kékeré kan tí ó gba inú àtẹ́lẹwọ́, ó fi àgbá méjì sí i nísàlẹ̀, ọ̀kan fún ìbú, ọ̀kan fún òró, ó fi bọ́tìnnì sí i lórí, wáyà sì jáde lára rẹ̀ bí ìrù. Èkúté ni wọ́n pè é. Wọ́n dán an wò pẹ̀lú gègé ìmọ́lẹ̀, àti pẹ̀lú irinṣẹ́ tí orúnkún ń tì lábẹ́ tábìlì. Lọ́wọ́ ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n lò, èkúté borí wọn.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni ọjọ́ ńlá náà. Ní San Francisco, níwájú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn, Engelbart jókòó nìkan lórí pèpéle fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lò kò sí nínú gbọ̀ngàn náà. Menlo Park ni ó wà, ní nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì sí ibẹ̀. Ó kọ ohun tí ó fẹ́ rà lọ́jà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, ó tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó ká wọn kò, ó sì tún tú wọn sílẹ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ojú ìwé mìíràn sì yọ. Lẹ́yìn náà, ojú Bill Paxton tí ó wà ní Menlo Park hàn ní igun gíláàsì, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan ṣoṣo. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí Engelbart ń lé gan-an nìyí. Nígbà tí ó parí, gbogbo ènìyàn dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1969, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gba orí wáyà láti kọ̀ǹpútà ní Los Angeles dé èyí tí ó wà ní Stanford Research Institute. Lẹ́tà méjì péré ni ó dé kí ẹ̀rọ tó dákú. Ibẹ̀ ni ohun tí a ń pè ní íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ti hù jáde.

Ẹnikẹ́ni yóò rò pé ọlá ni yóò tẹ̀lé èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ìjọba dínkù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwádìí Xerox, wọ́n sì tà ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn tí ó gba èkúté àti gíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ ń wá ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni yóò mọ̀ ọ́n lò lójú kan náà. Engelbart ta kò wọ́n. Ó ní bí ìrọ̀rùn nìkan bá ni à ń wá, orí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo wa ì bá wà títí di àgbà, nítorí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì gba ìkọ́ṣẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ojú kéré àwọn tí kò ní àkókò láti kọ́ṣẹ́. Àwọn ni ó pọ̀ jù.

Ìwé àṣẹ ìjọba lórí èkúté náà jáde ní 1970, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ni ó ni ín. Engelbart kò rí ìpín kankan gbà nínú owó tí wọ́n ń pa lórí èkúté tí ó ti tàn dé gbogbo ayé. Ní 1997 ni wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Turing, èyí tí ó ga jù láàárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ìjọba Amẹ́ríkà sì fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá ní ọdún 2000. Ó kú ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2013, ẹni ọdún 88. Láti 1988 ni òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ti dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ láti máa bá èrò náà lọ. Fún ìgbà pípẹ́, inú ọ́fíìsì Logitech, tí ń ṣe èkúté kọ̀ǹpútà tà, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọn kò sì gba owó ilé lọ́wọ́ wọn.