Owó Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Wa
Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ sọ níwájú Ìjọ ní Ọ̀fàdà, ní àkókò Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Ní irú ọjọ́ báyìí, àṣà ni pé kí a ka orúkọ àwọn tí ó kọ́ ilé ìsìn, àwọn tí ó fi agogo ta Ìjọ lọ́rẹ, àti àwọn tí ó ra àga. Àwọn mìíràn yóò ṣe èyí, wọn yóò sì ṣe é dáradára. Iṣẹ́ tí a fi lé Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ni láti sọ bí àwọn ọmọ Ìjọ yìí tí kò ní olùrànlọ́wọ́ yóò ṣe rí owó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1827, nígbà tí Ẹgbẹ́ C.M.S. dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní Sàró, ọmọ Òṣogùn kan wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé, Àjàyí, ẹni tí a ti sàmì fún ní Samuel Crowther. Ọdún márùn-ún péré ni ó ti kọjá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Kò ní òbí lọ́dọ̀ rẹ̀ tí yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹlòmíràn ni ó gbé ẹrù náà fún un. Nígbà tí òun àti Townsend wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba ọmọ Ẹ̀gbá kan pẹ̀lú, tí a kì í sábà dárúkọ nínú ilé ìsìn. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ka ìwé ní Fourah Bay, ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922 láti kọ́ òfin. Ojú rẹ̀ rí ìpọ́njú níbẹ̀. Ó ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ènìyàn kí ó lè rí nǹkan fi sẹ́nu, ó sì rí bí àwọn onílé ti ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1925 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Láti ọdún 1929 títí di 1932 ó ń rìn káàkiri ilẹ̀ wa àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí wa ká, ó ń tọrọ owó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wọ̀ sí. Ní ọdún 1933 ilé náà ṣí ní Camden. Nítorí ohun kan ṣoṣo ni a ṣe mú un wá síbí: ọdún mẹ́ta ni ó fi rìn. Kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo kí ó sì jókòó tẹtẹrẹ.

Àwa kò tilẹ̀ ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wa. Ó tọ́ kí a jẹ́wọ́ èyí lónìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan nínú Ìjọ yìí gba ààyè ní yunifásítì. Baba rẹ̀ ń gbin ìrẹsì. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ ọ́, ó ń sá a, ó sì ń rù ú lọ sí ọjà. Ìrẹsì ìlú wa ti lókìkí títí dé òkè òkun, ewé ni a fi ń wé e fún àwọn ọlọ́lá níbi àsè ní Èkó, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tí ó lé ẹyẹ kúrò lórí rẹ̀. Ìwé kan wá bá wa pé àwọn kan ń fẹ́ fi sikọ́láṣíìpù ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbà á nínú wa fi í sínú àpótí ní yàrá ìmúra àlùfáà, ó ní òun yóò kà á fún Ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi náà sì jẹ́ ti Ìkórè, ìkéde pọ̀. Nígbà tí a máa fi rántí ìwé náà, gbèdéke ti kọjá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ààyè náà bọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Ó padà sí oko baba rẹ̀ fún odidi ọdún kan kí ó tó tún ṣe ìdánwò, kí ó sì tó wọlé. Ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ọdún náà ni ó ń kọjá níwájú wa nínú aṣọ akọrin, kò sì bá wa wí rí. Ìbá sàn kí ó bá wa wí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbà wá láyè láti sọ ìtàn yìí. Ó ní kí a má ṣe dárúkọ òun.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà mìíràn ti là. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin tuntun lórí owó yíyá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àjọ NELFUND ni ó sì ń bójú tó o. Òfin ọdún 2023 tí ó ṣáájú ń béèrè onídùúró, ó sì yọ ọmọ tí owó tí ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ bá ju ₦500,000 lọ lọ́dún. Ti ọdún 2024 mú ìdènà méjèèjì kúrò. Èlé kò sí lórí owó náà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́, a sì ṣètò ₦20,000 lóṣù fún jíjẹ àti mímu akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ó wà fún, kì í ṣe ti aládàáni. Gbèsè ni, kì í ṣe ọrẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà kan nínú wa ń bẹ̀rù gbèsè, a kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí wọ́n gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà lẹ́nu àwọn baba wọn. Ṣùgbọ́n gbèsè tí kò ní èlé, tí kò sì gba oko lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yàtọ̀ sí èyíinì.

Ti ọ̀fẹ́ náà wà. MTN Foundation ní ti àwọn tí ó wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí máàkì wọn kò kéré sí 3.5 nínú 5, ó sì ní ti àwọn afọ́jú pẹ̀lú. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ní tiwọn. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọ kọ́kọ́ san owó kí ó tó lè gba owó ìrànwọ́, kí ẹ mọ̀ pé gbájú-ẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀ràn ti ń dí mọ́ àwọn ọmọ wa lójú jùlọ ni orúkọ. Orúkọ ìsàmì a wà nínú ìwé WAEC, orúkọ àbísọ a wà nínú NIN, orúkọ baba ńlá a sì wà ní báǹkì. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé Samuel àti Àjàyí jẹ́ ènìyàn kan náà. Ìgbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni kí a tún èyí ṣe, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí gbèdéke bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin Àlùfáà pé, bí ọmọ bá mú ìwé ẹ̀rí wá fún yín láti fi ọwọ́ sí, kí ẹ fi ọwọ́ sí i ní ọjọ́ náà. A sì bẹ Ìjọ pé kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó Ìkórè sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ àwọn tí ń lọ ṣe ìdánwò sikọ́láṣíìpù, àti fún owó tí a fi ń gba ààyè, èyí tí ọmọ gbọ́dọ̀ san kí owó yíyá tó dé. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ nínú. Àwa kan níhìn-ín wà nínú ìgbìmọ̀ náà, a sì mọ iye tí páànù jẹ́.

Láti òní lọ, ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn àbáwọlé. Akọ̀wé wa yóò jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní SS2 tàbí SS3 mú ìwé ìbí, ìwé ìsàmì àti nọ́ńbà NIN rẹ̀ wá. Lẹ́tà èyíkéyìí tí ó bá sì dé láti ìsinsìnyí, orí tábìlì yẹn kan náà ni a ó fi í sí.