Ìdérí Ìgò Mẹ́jọ: Ọgbọ́n Kọ̀ǹpútà Lọ́wọ́ Ọmọdé



A máa ń sọ pé Ifá ni ó bí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Èmi kò rí ẹ̀rí pé àwọn tí ó ṣe kọ̀ǹpútà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ babaláwo. Ohun tí ó dájú ni pé ìṣirò kan náà wà nínú méjèèjì, ọmọ wa sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.

Ẹ fún ọmọdé ní ìdérí ìgò kan. Bí ó bá jù ú sílẹ̀, yóò ṣíjú tàbí kí ó dojúdé: ọ̀nà 2 péré. Bí ìdérí bá di méjì, kí ó to gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà balẹ̀. Yóò rí 4. Ẹ̀kẹta yóò mú 8 wá, ẹ̀kẹrin 16. Ẹ má sọ fún un pé ìlọ́po méjì ni. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rí i. Nígbà tí ó bá kan ẹ̀kẹjọ, 256 ni yóò bá. Ojú 8 ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. 256 ni odù Ifá: ojú odù 16, ọmọ odù 240. Nínú kọ̀ǹpútà, bit 8 ni ó di byte kan, ọ̀nà 256 náà ni ó sì ní.

Ẹ gbé ọpọ́n ayò wá: ihò 12, ọmọ ayò 48. Kí ọmọ kan máa pàṣẹ, kí èkejì máa ta á bí wọ́n ti pàṣẹ gẹ́lẹ́. Bí ayò bá dàrú, kí wọ́n wá àbùkù inú àṣẹ náà rí. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ní New Zealand, Tim Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi káàdì àti eré kọ́ ọmọdé ní irú ẹ̀kọ́ yìí láìlo kọ̀ǹpútà. Àìsí iná kì í ṣe àwáwí.

Àwọn àgbà kan bi mí pé: ṣé a ó sọ Ifá di eré ọmọdé ni? Rárá. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ awo kò kúrò nínú àpò awo. Ìdérí ìgò ni a fi ń ṣeré, a kì í fi í dífá. Ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí odù ń sọ, kí ó wá jókòó ti awo.

Ní 2005, UNESCO kéde Ifá ní ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìkéde kò lè dá ọmọ lóhùn, ọmọ tí wọ́n ń sọ fún lójoojúmọ́ pé òpè ni àwọn baba ńlá rẹ̀. Ohun tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà ni ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.