Kí Dróònù Má Ṣe Kánjú Yí Lórí Òrùlé
Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka

 

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé ilé ìkẹ́rùsí. Wọ́n fi dróònù ya òrùlé náà, ọ̀gá wo àwòrán, ó ní páànù dára. Ọ̀kan nínú wa gun òkè, páànù tó ti dípẹtà sì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé itan. Igi òrùlé ló gbé e dúró. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹ́ fún àbúrò wa tó ń darí dróònù ní kúẹ́rì. A ní kí wọ́n dúró ná, kí a jọ tún àwòrán náà wò.

Gbogbo ibi tí dróònù ti yí ojú padà ni àwòrán ti ṣe bàìbàì, ibẹ̀ náà sì ni páànù ti bàjẹ́. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ ọ́n: bí mọ́tò bá ń sáré, ta ló lè ka nọ́ńbà ara ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà? Bí dróònù bá yípo tán ní ìṣẹ́jú-àáyá 6, dígírì 60 ló ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá la ojú fún ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú-àáyá, àwòrán ti fà tó dígírì kan. Ihò ìṣó á pòórá síbẹ̀. Bí yíyípo náà bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 36, fífà náà á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́fà.

Nínú ọ̀pọ̀ dróònù DJI, inú áàpù orí fóònù ni a ti ń dín in kù, lábẹ́ Control, níbi tí wọ́n kọ Gain & Expo sí. Ibẹ̀ náà ni a ti ń ṣètò bí kámẹ́rà yóò ṣe yá tó láti gbójú sókè sódò, àti bí yóò ṣe rọra dúró. Ṣùgbọ́n Cine, Normal àti Sport, kálukú ló ní ètò tirẹ̀. Àbúrò wa ti dín ti Cine kù. Súìṣì wà ní Normal, kò sì wò ó. A kò ní bo èyí mọ́lẹ̀. Àmọ́ òrùlé mẹ́ta ni wọ́n ní kó fi bátìrì kan ṣoṣo yà!

Ti kámẹ́rà, róòlà kékeré tó wà ní èjìká òsì rìmóòtù ni ìka ń yí. Fún páànù, kí ó wo ilẹ̀ tààrà, dígírì 90. Fún gọ́tà àti ògiri, nǹkan bí 45 tó. Yí i díẹ̀, dúró, ya àwòrán, kí o tó tún yí. Kó má sì lọ́ra jù, kí bátìrì má bàa tán kí òrùlé tó tán. Sport kò ní iṣẹ́ lórí òrùlé wa rárá: bí a bá wà nínú rẹ̀, ojú tí dróònù fi ń yẹra fún òpó kì í ṣiṣẹ́.

Wọ́n ti fa kúẹ́rì náà ya. Wọ́n gbà láti ra bátìrì méjì sí i, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní máa lé ẹni tó ń darí rẹ̀ léré. Ti pákó ìtẹ̀sẹ̀ àti bẹ́líìtì fún ẹni tó ń gun òkè, wọn kò tíì fèsì. A ò ní fi í sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò tún òrùlé náà yà. Kí ẹnikẹ́ni má dúró lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò gun òkè, kó wá bá wa wo àwòrán kó tó fọwọ́ kan àkàbà.