Mítípáì Oníwàrà: Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Ẹni Tó Ti Rìtáyà

Owó ìfẹ̀yìntì kì í tètè dé, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ wa wá díẹ̀ kún un.

Ẹ fọwọ́ rún ife fúláwà 4 mọ́ bọ́tà gíráàmù 250 àti iyọ̀, kí ẹ fomi tútù pò ó. Ẹ se ẹran tí a lọ̀, kí ẹ rún wàrà Fúlàní sí i; wàrà yìí kì í yọ́ bíi ti òyìnbó. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dì í, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́tà á yọ́, páì á là. Ẹ yan án ní 180°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 35.

Èyí tó bá sùn mọ́jú lórí tábìlì, ẹ má tà á o! Inú ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ibi ìdánwò.