ÈDÈ FARANSÉ NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ALÁKỌ́BẸ̀RẸ̀ NÍ ILẸ̀ YEWA

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìlaròó)

Ọ̀ràn àwọn ọmọ wa ni a gbé wá síwájú yín: ọ̀nà wo ni ó yẹ kí a máa gbà kọ́ wọn ní èdè Faransé?

Ẹ kò ṣàìmọ̀ bí èdè yìí ti di aládùúgbò wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó la ilẹ̀ wa sí méjì. Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ Kétu, bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu tìkára rẹ̀ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé. Bí àwọn ọmọ ìyá bá pàdé níbi òkú àgbà tàbí ní ọjà, Yorùbá ni wọ́n ń sọ; ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá di ti ìwé, ìbáà ṣe ìwé òfin tàbí ìwé ẹrù, ọ̀kan kò lè ka ti èkejì. Àwọn tí ń ti Ìdí-Ìrókò kọjá sí Ìgolo mọ ohun tí à ń wí.

Ìjọba pẹ̀lú rí i. Láti ọdún 1991 ni Abúlé Èdè Faransé ti wà ní Àjárá, lẹ́bàá Àgbádárìgì, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ní ọdún 1996 a kéde Faransé ní èdè ìjọba kejì. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún 1998 sì fi í sí kíláàsì kẹrin alákọ́bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ rí àbùkù kan nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dá lẹ́nu ni a ń fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Faransé fún. Ó dàbí ẹni tí ń ti Ìlaròó lọ sí Ìdí-Ìrókò, tí ó ní òun yóò kọ́kọ́ gba Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Gẹ̀ẹ́sì ní “you” kan ṣoṣo fún ọmọdé àti àgbà. Faransé ní “tu” àti “vous”. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kì í wí fún bàbá rẹ̀ pé “ìwọ”, bí kò ṣe “ẹ̀yin”, ti mọ ìdí rẹ̀ kí olùkọ́ tó la ẹnu. Kìkì pé àwọn a máa fi “vous” kí àlejò tí í ṣe ẹgbẹ́ wọn pẹ̀lú. Bákan náà, ohùn imú inú “bon” kò lè ṣòro fún ẹni tí ń pe “ìbọn”. Ẹni tí ó sì mọ “e” yàtọ̀ sí “ẹ” kò ní ṣi “é” pè ní “è”. Ohun tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu ni “u” inú “tu”, àti pípín tí wọ́n pín orúkọ nǹkan sí akọ àti abo. Níbẹ̀ ni kí olùkọ́ lo àkókò rẹ̀.

Ẹ̀rí wà fún èyí. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀kọ́ gbogbo fún ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lábẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dájú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tayọ nínú ẹ̀kọ́ yòókù.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èdè àjèjì mìíràn yóò pa tiwa. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, àwọn Lùkùmí, bọ́ sínú èdè Spéìn; lónìí, orin àti àdúrà òrìṣà ni Yorùbá kù sí lẹ́nu àrọ́mọdọ́mọ wọn. Ṣùgbọ́n oko ẹrú ni ó ṣe èyí, nítorí a gba ilé lọ́wọ́ wọn. Àwa wà nílé wa. Bí Yorùbá bá kú ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, àwa òbí tí a kọ̀ láti sọ ọ́ fún ọmọ ni yóò jẹ̀bi, kì í ṣe Faransé.

Nítorí náà a bẹ̀ yín ní ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣáájú ìwé, kí Yorùbá sì jẹ́ ilẹ̀kùn tí ọmọ yóò gbà wọlé. Èkejì, àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ka ìwé ní Kétu àti Pọ́bẹ̀. Kí ẹ̀yin ìjòyè bá àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ sọ ọ́, kí irú wọn máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ nínú kíláàsì. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ìmẹ̀kọ máa kọ lẹ́tà Faransé sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Kétu, kí ti Kétu máa fi Yorùbá dáhùn, kí àǹfààní má baà wà ní apá kan.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni kí a wò kí a tó kọ́ ọ ní èdè. Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.