Kòkòrò Inú Obì: Yíyẹ Ọkọ̀ Àlòkù Wò fún Ìpẹtà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ó ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Òwe yìí bá irin mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá obì mu. Lábẹ́ ọ̀dà tí ó ń dán ni ohun tí ó ń ba ara ọkọ̀ jẹ́ máa ń fara pamọ́ sí, títí irin yóò fi di ihò. Ìpẹtà ni orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ìpáàrà. Orúkọ yòówù tí à báà pè é, ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ rẹ̀ ni ‘jẹ’. Ìpẹtà kì í ṣẹ́ irin, kì í tẹ̀ ẹ́; ńṣe ni ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Bí a bá mú olùkọ́ kan ní ìlú Èrúwà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ náà yóò yé ni dáadáa. Olùkọ́ yìí yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì ṣe onídùúró fún un. Ọkọ̀ eléré onílẹ̀kùn méjì ni ó wù ú, irú Toyota Celica tàbí Honda Prelude, èyí tí ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀dà rẹ̀ pọ́n bí osùn, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tu etí lára. Ẹni tí ó ń tà á wà á láti Ìbàdàn, ó gba Ìdó wá sí Èrúwà. Ó ní ojúlówó tòkunbọ̀ ni, pé ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó ní Nàìjíríà rí. Kí ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣe kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó ronú sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń tajà. Tòkunbọ̀ ni orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wá sílé. Bí a kò bá mọ bí ọmọ náà ṣe gbé níbẹ̀, a kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní Kánádà, ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà àti ní Jámánì, wọ́n a máa da iyọ̀ sí ojú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Bí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé, ìpẹtà dé. Iyọ̀ a sì mú kí ó yára. Omi oníyọ̀ yìí ni táyà ń ta sí abẹ́ ọkọ̀ lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ka gbígbé ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀ léèwọ̀; kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ń gba èbúté Kútọnu wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yòówù tí ọkọ̀ ìbáà gbà wọlé, títì tí ó ti rìn lókè òkun ni kí á bèèrè.

Ohun kejì ni pé ìpẹtà lágbára lórí ọkọ̀ eléré ju bí ènìyàn ti rò lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ara ọkọ̀ náà ni egungun rẹ̀. Èyí tí kò bá sì ní òrùlé, bíi MGB tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 sí 1980, ilẹ̀ ọkọ̀ àti irin gbọọrọ tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ni wọn kò jẹ́ kí ó ká sí méjì. Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Lancia ní láti ra ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Beta padà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti rà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìpẹtà ti jẹ ibi tí férémù tí ó gbé ẹ́ńjìnnì dúró ti so mọ́ ara ọkọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Olùkọ́ wa gbọ́n. Ó mú àgbà kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì dání.

“Tíṣà,” ni àgbà náà wí, “ẹ má tíì wo ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ abẹ́ rẹ̀ ná.”

“Bàbá, ṣebí ọkọ̀ náà mọ́?”

“Ilẹ̀ Ìbàràpá ni a wà. Ìpẹtà pupa, erùpẹ̀ wa náà pupa.”

Òótọ́ ni àgbà sọ. Irin inú ilẹ̀ tí ó ti bá afẹ́fẹ́ pò ni ó ń sọ erùpẹ̀ di pupa, bí ìpẹtà gan-an. Èyí tí omi bá fọ̀ lọ, erùpẹ̀ ni. Èyí tí ó bá kù tí ó ń ṣí ní ìpẹ́ ìpẹ́, ìpẹtà ni.

Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, wọ́n fi jáàkì gbé e, wọ́n sì fi igi ńlá tì í lábẹ́, nítorí pé a kì í fi orí sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Àgbà wo ibi tí ẹrẹ̀ ń dì sí nínú ihò táyà, nítorí pé ẹrẹ̀ a máa mú omi dúró. Ó wo ìdí ilẹ̀kùn, níbi tí ihò tí omi ń gbà jáde ti sábà máa ń dí. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀: ó tutù rinrin. Ó gbé táyà ìpààrọ̀ kúrò nínú búùtù, ó wo abẹ́ rẹ̀. Níbi tí ọ̀dà ti wú bí ìléròrò, ó ṣàlàyé pé irin tí ó bá ti di ìpẹtà a máa fẹ̀ ju bí ó ti wà lọ, òun ni ó ń ti ọ̀dà sókè.

Lẹ́yìn náà ni ó yọ irin òòfà tí ó fi aṣọ wé. Ó lẹ̀ mọ́ òrùlé, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó kan irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ó já bọ́. Àgbà fi ìka kàn án. Dípò kí ó dún bí irin, ó dún bí amọ̀. Pọ́tì ni wọ́n fi dí ihò níbẹ̀, tí wọ́n kun ọ̀dà lé e lórí. Òótọ́ ni pé òòfà kì í lẹ̀ mọ́ rọ́bà tàbí alumíníọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n irin ni ó yẹ kí ó wà ní ojú ibí yìí.

“Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó lọ́sàn-án yìí o,” ni ẹni tí ó ń tajà wí.

Olùkọ́ wo àgbà. Àgbà ní, “Tíṣà, èyí tí ó bá wà lójú irin, a lè ha á kúrò kí á kun ún. Èyí tí ó ti jẹ egungun, bí a bá tilẹ̀ jó irin mọ́ ọn, ṣé irin tí ó ti kú náà ni yóò di tuntun mú?”

Olùkọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tajà, ó sì padà sílé pẹ̀lú owó rẹ̀. Bí ó bá rà á tí ọkọ̀ náà sì kú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní dárí gbèsè jì í, àwọn méjì tí wọ́n dúró fún un ni yóò sì bá a san án. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè, kí ó sì fi ọ̀dà ṣe ìkẹyìn. Ẹni tí ó fẹ́ ra obì ni ó yẹ kí ó la obì wò.